Pàṣán Tí Ó Wà Lájà: Èrò Mi Lórí Àwọn Òfin Tí Ń Pa Ará Ìlú Lẹ́nu Mọ́

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé yìí ní ọdún yìí jẹ mọ́ ahọ́n wa. Àwọn òfin méjì kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń bèèrè fún káàkiri ayé, tí a sì ń gbọ́ àríyànjiyàn lórí wọn ní ilẹ̀ wa náà. Èkíní ni òfin tí ó sọ pé ẹni tí ó bá bú ìjọba tàbí tí ó tàbùkù àwọn aláṣẹ, ẹ̀wọ̀n ni. Èkejì ni òfin tí ó sọ pé ẹni tí ó bá sẹ́ ìpakúpa tí ó ti ṣẹlẹ̀, tí ó ní irọ́ ni, òun náà, ẹ̀wọ̀n ni. Bí a bá kọ́kọ́ wò wọ́n, a ó rò pé wọn kò bára tan rárá. Èkíní dàbí ẹni tí ń gbèjà alágbára, èkejì dàbí ẹni tí ń gbèjà òkú tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé, ní ilẹ̀ Nàìjíríà tí a wà yìí, ọwọ́ kan náà ni yóò mú pàṣán méjèèjì, ẹ̀yìn kan náà ni yóò sì máa bà lé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

OHUN TÍ Ó ṢẸLẸ̀ NÍ ẸNU Ọ̀NÀ WA

Kò sí ẹni tí ń gbé láàrin Ajah sí Lekki tí kò mọ tóò-géètì tí ó wà ní Admiralty. Ibẹ̀ ni a ń gbà lọ sí Èkó, ibẹ̀ ni a ń gbà bọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ síbẹ̀ láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Ní nǹkan bí àkókò ìrun Màgáríbà, àwọn sójà dé, ìbọn sì dún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wò ó lójú ẹsẹ̀ láti inú ilé wọn, nítorí pé ọmọbìnrin kan tí gbogbo ayé mọ̀ sí DJ Switch wà níbẹ̀, ó sì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ lórí Instagram bí ó ti ń lọ.

Bí ilẹ̀ ti mọ́ ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ gbé e sí orí Twitter pé irọ́ ni ìròyìn náà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n ní òótọ́ ni pé àwọn lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí, ọ̀gá ológun kan sọ pé ọta òfìfo ni wọ́n yìn sókè, lẹ́yìn náà ó tún gbà pé wọ́n gbé ọta gidi dání. Mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, Alhaji Lai Mohammed, ní ìpakúpa tí kò ní òkú ni. Iléeṣẹ́ ìjọba tí ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, èyí tí a mọ̀ sí NBC, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lé AIT, Channels àti Arise lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí bí wọ́n ṣe gbé ìròyìn ọjọ́ wọ̀nyẹn jáde.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ gbé kalẹ̀, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀, gbé àbọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá 2021. Ó ka ènìyàn 9 mọ́ àwọn tí ó kú, ó sì ní a lè pe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìpakúpa. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba Èkó kan náà gbé ìwé ìdáhùn rẹ̀ jáde, ó ní ẹ̀rí kò gbe iye òkú yẹn lẹ́sẹ̀. Ìjọba gbé ara lé ohun tí dókítà tí ó yẹ òkú wò sọ níwájú ìgbìmọ̀.

Ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Ní oṣù keje 2023, ìwé ìjọba kan jáde sí gbangba, níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí ₦61,285,000 láti sin òkú 103 pọ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òkú ìgbà EndSARS 2020 ni. Ìjọba fèsì pé òkú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti tóò-géètì Lekki. Wọ́n ní káàkiri ni wọ́n ti kó wọn: Fagba, Kétu, Ìkòròdú, Orílé, Ajégúnlẹ̀ àti àwọn ibòmíràn. Ẹ̀yin ará mi, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: Ajah wà nínú orúkọ tí wọ́n dá. Wọ́n tún ní kò sí ẹni tí ó wá bèèrè òkú rẹ̀.

Òkú 103, a kò gbọ́ orúkọ ẹyọ kan. Bí Mùsùlùmí bá wà nínú wọn, ta ni ó wẹ̀ ẹ́? Ta ni ó kírun sí i lára? Ìyá wo ni ó ń retí ọmọ rẹ̀ títí di òní, tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí ó lọ sí ilé ìtọ́jú òkú lọ bèèrè, nítorí pé ó gbọ́ lórí rédíò pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀?

Ní ọjọ́ 10 oṣù keje 2024, ilé-ẹjọ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ilé-ẹjọ́ ECOWAS, dájọ́ pé Nàìjíríà tẹ ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́ta kan tí ó wà ní tóò-géètì lọ́jọ́ náà lójú, DJ Switch sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ àti láti kóra jọ wà lára ohun tí ilé-ẹjọ́ náà dárúkọ. Ó ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì pàṣẹ kí ìjọba ṣe ìwádìí.

ỌWỌ́ TÍ Ó MÚ PÀṢÁN

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde láàrin wa, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ pé, “Ààfáà, ó yẹ kí òfin wà. Ẹni tí ó bá ní kò sí ẹni tí ó kú ní Lekki, ẹ̀wọ̀n ni ó yẹ kí ó lọ.” Inú tí ń bí wọn yé mi. Wọ́n sì ti gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà níbòmíràn. Òótọ́ ni. Faransé ṣe tirẹ̀ ní 1990, Jámánì fi kún òfin rẹ̀ ní 1994, láti fìyà jẹ ẹni tí ó bá sẹ́ ohun tí ìjọba Hitler ṣe fún àwọn Júù. Rwanda náà ṣe òfin tirẹ̀ ní 2008, lẹ́yìn ìpakúpa 1994 tí ó gbé ẹ̀mí àwọn ènìyàn tí iye wọn tó 800,000 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ọ̀rọ̀ ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ní Jámánì. Wọ́n ṣẹ́gun ìjọba tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà. Wọ́n gbé àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Nuremberg ní 1945 sí 1946, a rí ìwé, a rí àwòrán, a gbọ́ ẹlẹ́rìí. Ìjọba tuntun jẹ́wọ́ pé orílẹ̀-èdè wa ló ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ ni òfin 1994 tó dé. Ìjẹ́wọ́ ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀lé e.

Ní tiwa ńkọ́? Ní tiwa, ẹni tí ń sẹ́ ni ẹni tí ó ni ọlọ́pàá, òun ló ni ilé ẹ̀wọ̀n, òun ló sì ń kọ ìwé ìdáhùn sí àbọ̀ ìgbìmọ̀. Bí a bá ṣe òfin lónìí pé ẹni tí ó bá pa irọ́ nípa ìpakúpa yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n, ta ni yóò sọ ohun tí í ṣe òótọ́? Ìjọba ni. Ìwé tí ìjọba fọwọ́ sí kò sì gba iye òkú 9. Nítorí náà, ìyá tí ó bá jáde pé ọmọ òun wà lára wọn, òun ni yóò di òpùrọ́ lójú òfin, òun ni ọlọ́pàá yóò wá mú. Òfin tí a bẹ̀bẹ̀ fún láti gbèjà òkú ni wọn yóò fi di ẹnu olóòkú.

Kí ẹ má rò pé àlá ni mo ń lá. Ní Rwanda, obìnrin olóṣèlú alátakò kan, Victoire Ingabire, padà sí ìlú rẹ̀ ní 2010, ó sì sọ níbi ìrántí àwọn òkú pé àwọn Hutu kan náà kú, ó yẹ kí a rántí wọn pẹ̀lú. Wọ́n mú un. Nígbà tí ó di 2013, ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù níbẹ̀ sọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọdún 15, bíbu ìpakúpa náà kù sì wà lára ẹ̀sùn rẹ̀. Ní 2017, ilé-ẹjọ́ Áfíríkà tí ó wà ní Arusha sọ pé wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti sọ̀rọ̀ lójú. Ní 2018 ni Ààrẹ dárí jì í tí ó jáde. Òfin tí a ṣe nítorí ẹkún àwọn tí a pa ni wọ́n fi mú alátakò.

BÍBÚ ÌJỌBA: ÌTÀN RẸ̀ LỌ́DỌ̀ WA

Òfin kejì, ìyẹn ti bíbú ìjọba, ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa ju bí àwọn ọmọ wa ṣe rò lọ. Àwọn Òyìnbó ló gbé e dé. Ní 1909 ni ìjọba Gómìnà Egerton ṣe òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé àwọn ìwé ìròyìn Èkó ń dùn wọ́n. Ní 1928, Herbert Macaulay lọ sí ẹ̀wọ̀n lórí ohun tí ìwé ìròyìn rẹ̀, Lagos Daily News, gbé jáde nípa Ẹlẹ́kọ̀ọ́ Èṣùgbàyí, ọba tí àwọn Òyìnbó lé kúrò lórí oyè.

Òyìnbó lọ, òfin kò lọ. Ó wà nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa títí di òní. Nígbà tí wọ́n fi mú Arthur Nwankwo ní Ìpínlẹ̀ Anambra nítorí ìwé tí ó kọ nípa gómìnà ibẹ̀, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a sílẹ̀ ní 1983. Adájọ́ Ọlájídé Ọlátáwùrà wà lára àwọn tí ó gbọ́ ẹjọ́ náà, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé àwọn amúnisìn ló ṣe òfin yẹn fún ìlú tí wọn kò kà sí, kò yẹ àwọn ènìyàn tí ó ti gba òmìnira.

Kí inú adájọ́ yẹn tó dùn tán, ológun dé. Ní 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ṣe òfin tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Decree 4. Òfin yìí ní ẹni tí ó bá kọ ohun tí ó tàbùkù òṣìṣẹ́ ìjọba, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi hàn pé gbogbo ohun tí òun kọ jẹ́ òótọ́ láìku ẹyọ kan. Tunde Thompson àti Nduka Irabor, àwọn akọ̀ròyìn The Guardian, fi ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan jura lórí ìròyìn nípa àwọn aṣojú tí ìjọba fẹ́ rán lọ sí òkè òkun. Iléeṣẹ́ wọn san ₦50,000.

Ẹ wá wo bí ayé ṣe ń yí. Nígbà tí ó di 2003, Ọ̀gágun Buhari ti di alátakò nínú ẹgbẹ́ òṣèlú ANPP. Wọ́n ṣe ìwọ́de ní Kano, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Ẹgbẹ́ náà gbé ọlọ́pàá lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní 2007, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá wọn láre pé ará ìlú kò nílò ìwé àṣẹ ọlọ́pàá kí wọ́n tó kóra jọ. Ẹ̀tọ́ tí àwọn ọmọdé dúró lé lórí ní Lekki ní 2020, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbà á fún wọn ní kóòtù. Òun kan náà sì ni Ààrẹ lọ́jọ́ tí àwọn sójà lọ síbẹ̀. Ó ti jáde láyé ní 2025, kí Ọlọ́hun forí jìn ín. N kò sọ èyí láti fi sọ òkò sí òkú. Mo sọ ọ́ kí a lè rí ohun tí àwọn àgbà wa ti rí tipẹ́, tí wọ́n fi ní pàṣán tí a fi na ìyáálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ẹni tí ó wà lórí àlééfà lónìí tí ó ń ṣe òfin bíbúni, kí ó rántí pé òun kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ lọ́la.

Àwọn ọmọ wa gan-an ni pàṣán yìí sún mọ́ jù nísinsìnyí, nítorí fóònù tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Ní 2015, ìjọba ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà, abala 24 rẹ̀ sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n láti fi iṣẹ́ tí ó lè bí ènìyàn nínú tàbí tí ó jẹ́ èébú ránṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní 2022 pàṣẹ kí wọ́n tún un ṣe. Ní 2024 ni wọ́n tó dín in kù. Ní oṣù kọkànlá 2022, wọ́n mú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Dutse, nítorí pé ó fi ìyàwó Ààrẹ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí Twitter. Ó dé ilé-ẹjọ́, ó dé ẹ̀wọ̀n, kí ariwo ará ìlú tó jẹ́ kí wọ́n fa ẹjọ́ náà padà ní oṣù tí ó tẹ̀lé e. Ohun tí ọmọ náà kọ kò dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí kò dára ni ẹ̀wọ̀n tọ́ sí. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìwà ni a ń fi ìbáwí tún ṣe, tí ó jẹ́ pé bí ọlọ́pàá bá dá sí i, bíbàjẹ́ ni yóò bà á jẹ́.

ÀWỌN TÍ WỌ́N NÍ KÍ A DÁKẸ́

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà kan nínú mọ́sálásí yóò sọ. Wọn yóò ní, “Ààfáà, Ọlọ́hun ní kí a tẹ̀lé àwọn aláṣẹ. Ọ̀rọ̀ yìí lè dá fìtínà sílẹ̀.” Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ìdáhùn mi sì rèé. Títẹ̀lé àṣẹ yàtọ̀ sí bíbá aláṣẹ pa irọ́. Súrà Nisáì tí ó ní kí a tẹ̀lé àwọn aláṣẹ náà ni ó pàṣẹ ní áyà 135 pé kí a dúró ti òtítọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, ìbáà jẹ́ lórí ara wa tàbí lórí àwọn òbí wa. Nínú súrà yìí kan náà, ní áyà 148, Ọlọ́hun sọ pé Òun kò fẹ́ kí a máa pariwo ọ̀rọ̀ burúkú ní gbangba, ó wá yọ ẹnì kan sílẹ̀: ẹni tí a ṣe àbòsí sí. Ẹni tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ wà nínú ẹni tí Ọlọ́hun yọ sílẹ̀. Ta ni àwa tí a ó wá ní kí ó dákẹ́?

Ìtàn sì sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n fi Abu Bakr jẹ Kàlífà, ohun tí ó bá àwọn ènìyàn sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ ni pé bí òun bá ṣe dáadáa, kí wọ́n ran òun lọ́wọ́, bí òun bá sì ṣìṣe, kí wọ́n tọ́ òun sọ́nà. Ẹ tún ṣàkíyèsí pé ìyà tí Súrà Núúrù là kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹgba ọgọ́rin, ó wà fún ẹni tí ó bá fi ẹ̀sùn àgbèrè kan obìnrin oníwà mímọ́ láìní ẹlẹ́rìí mẹ́rin. Ẹni tí kò ní ẹ̀ṣọ́, tí ìsọkúsọ lè ba ayé rẹ̀ jẹ́ pátápátá, ni òfin náà dáàbò bò. Ọba tí ó ní ẹ̀ṣọ́ lọ́tùn-ún lósì, kí ni ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré yóò ṣe fún un?

Àwọn baba wa tí kò tíì gba ẹ̀sìn pàápàá ní òye yìí. Àwọn ará Ìbàdàn ní ọjọ́ Òkèbàdàn lọ́dọọdún, tí mẹ̀kúnnù máa ń kọrin bú àwọn ènìyàn ńlá, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í mú wọn. Àwa kò bá wọn ṣe ọdún náà, àwọn ọ̀rọ̀ rírùn tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ kò sì bá ẹ̀kọ́ wa mu. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó dá a sílẹ̀ mọ̀ pé ìlú tí kò jẹ́ kí ẹnu sọ̀rọ̀, ọwọ́ ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

ÀÀLÀ WÀ

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé mo ní kí ahọ́n máa rìn láìní ìjánu. Àwọn ará ìlú náà pa irọ́ ní 2020. Àwòrán àtijọ́ láti ibòmíràn ń lọ láti orí fóònù kan sí òmíràn bí ẹni pé Lekki ni. Wọ́n ní àwọn kan kú tí wọn kò kú. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n sun iléeṣẹ́ TVC àti ti ìwé ìròyìn The Nation, wọ́n ya wọ inú ààfin Ọba Èkó. Ààrẹ sọ ní ọjọ́ 23 oṣù náà pé ará ìlú 51, ọlọ́pàá 11 àti sójà 7 ni ó ti kú káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwọn ọlọ́pàá wọ̀nyẹn náà ní ìyá. Ẹni tí ó bá ń sunkún òkú Lekki tí ó ń yọ̀ nítorí òkú ọlọ́pàá kò tíì mọ ohun tí ẹ̀rí jíjẹ́ ń jẹ́.

Nítorí náà, ààlà wà. Ẹni tí ó bá ní kí a lọ pa lágbájá, kí a lọ sun ilé tàmẹ̀dò, iṣẹ́ ibi ló ń ṣe, òfin gbọ́dọ̀ mú un. Ní Rwanda, rédíò kan tí a ń pè ní Mille Collines ló ń pe àwọn ènìyàn jáde láti pa aládùúgbò wọn. Àwọn tí ó dá a sílẹ̀ jẹ̀bi níwájú ilé-ẹjọ́ ní Arusha ní 2003, ẹ̀tọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, ẹni tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ lè gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù kí ó gba owó gbà-máà-bínú, bí ó ti wù kí ó tóbi tó. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ dé bíbú ìjọba, ọ̀nà jìn.

OHUN TÍ Ó Ń PA ỌRỌ̀ MỌ́

Ọmọ kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà wa bi mí pé, “Ààfáà, bí ìjọba bá ní kò ṣẹlẹ̀, tí màmá mi ní ó ṣẹlẹ̀, ta ni kí n gbà gbọ́?” Mo dá a lóhùn pé kí ó má gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kí ó tó wádìí. Súrà Hujuráátì, áyà 6, ni ó kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti wádìí, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn gbọ́dọ̀ lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù. Òfin tí ó bá dẹ́rù ba ẹlẹ́rìí ti pa ìwádìí kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Àgbà òṣìkà ni ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ọ̀pọ̀ ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé Ilasan, Ikota àti àyíká wa yìí, Máròkò ni a ti lé yín tàbí àwọn òbí yín wá. Ní oṣù keje 1990, ìjọba ológun tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà rẹ̀ fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, katapílà wọlé. Àwọn tí wọ́n lé kúrò tó bí 300,000. Ẹni tí ó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí kò ní rí ohun tí yóò fi mọ̀ pé mọ́sálásí wà níbẹ̀ rí, pé àwọn ọmọ ti kéú níbẹ̀. Báwo ni àwọn ọmọ wa tí wọn kò tíì bí nígbà yẹn ṣe wá mọ Máròkò? Kò sí òfin tí ó fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ ẹni tí ó bá sẹ́ ẹ. Ẹnu àwọn ìyá wọn ló pa á mọ́. Ẹni tí ó ṣu lè gbàgbé, ẹni tí ó kó o kò ní gbàgbé.

Èyí ni mo fi ń sọ pé ìwòsàn sísẹ́ kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Ìwé ni, orúkọ ni, ẹ̀rí ni. Mo fẹ́ kí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé àwọn òkú 103 náà síta: ibi tí wọ́n ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n rí i, akọ tàbí abo, ohun tí ó pa á, ibi tí wọ́n sin ín sí. Bí òótọ́ bá wà lọ́wọ́ ìjọba, ìwé yìí ni yóò gbè é. Mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin yọ òfin ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀ ti àwọn Òyìnbó kúrò nínú ìwé òfin wa, kí wọ́n sì má fi òmíràn rọ́pò rẹ̀.

Ìdí ọ̀rọ̀ wà lọ́dọ̀ àwa náà. Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ mọ́sálásí, bí ẹbí kan bá wà ní àdúgbò yín tí kò rí ọmọ rẹ̀ láti oṣù kẹwàá 2020, ẹ má jẹ́ kí ó nìkan máa rìn kiri. Ẹ bá a kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀, aṣọ tí ó wọ̀, ibi tí wọ́n ti rí i kẹ́yìn, kí ẹ sì bá a lọ bèèrè. Ẹ má bèèrè ẹ̀sìn rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é. Nígbà tí àwọn ológun pa àwọn Ṣíà ní Zaria ní oṣù kejìlá 2015, tí akọ̀wé ìjọba Kaduna sì sọ níwájú ìgbìmọ̀ olùwádìí pé òkú 347 ni wọ́n sin pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa dákẹ́ nítorí pé a kò fara mọ́ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ̀rí jíjẹ́ kò mọ ìyẹn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ tèmi sí yín kò pọ̀. Ẹ má fi fóònù yín bú ẹnikẹ́ni, nítorí Ànábì Mūsá pàápàá, Fìráónà ni Ọlọ́hun rán an sí, ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ni Ó sì ní kí ó bá a sọ. Ẹ má fi àwòrán tí ẹ kò mọ orísun rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú yín bá rí, tí ó sì dá yín lójú, ẹ má ṣe sẹ́ ẹ nítorí ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i.

Kí Ọlọ́hun forí jin àwọn òkú tí a mọ̀ àti àwọn tí a kò mọ orúkọ wọn, kí Ó tu àwọn ìyá wọn nínú, kí Ó sì fún wa ní ahọ́n tí yóò lè jẹ́rìí òtítọ́ níwájú Rẹ̀ ní Ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Àmín.